Affa Tí Kì í Yí Ọ̀rọ̀ Padà

Ẹ bá mi kí ìjọba o. Odidi ìjọba tó ní ọkọ̀ ojú irin, tó ní ọmọ ogun, ló kó àgọ́ wá sí Wewoka, ìlú wa, lọ́dún yẹn láti wá sọ irú èèyàn tí a jẹ́ fún wa. Àwa ò kúkú mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa èèyàn dúdú àti àwọn Seminole, ẹ̀yà onílẹ̀ tí òyìnbó bá nílẹ̀, ti jọ ń gbé láti Flọ́rídà. A jọ sá fún òyìnbó, a jọ bá òyìnbó jagun, a jọ kú nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi kó wa wá sí ilẹ̀ yìí, a fẹ́ ara wa, a bímọ fún ara wa. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, a ò mọ irú èèyàn tí a jẹ́. Àfìgbà tí akọ̀wé kan tí irun imú ẹ̀ pupa gbé ìwé ńlá méjì dé la tó wá mọ̀. Ọlọ́run á bá wa san án fún un.

Akọ̀wé yìí ò gbọ́ èdè Seminole, kò sì jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́ láti mọ gbogbo nǹkan nípa wọn. Ó ṣáà ní ògbufọ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Affa ni ògbufọ̀ ọ̀hún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Inú ìyá rẹ̀ ni Affa wà nígbà tí ìyá ọ̀hún sá kúrò ní oko ìrẹsì kan ní Jọ́jíà. Obìnrin náà fẹsẹ̀ rìn wọ inú irà Flọ́rídà, ó lóyún, ebi ń pa á, ajá àwọn olóko ń gbó lẹ́yìn rẹ̀, títí ó fi dé ìletò àwọn Seminole. Baálẹ̀ ibẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ó ní kó lọ kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ odò, kó gbin àgbàdo, kó máa gbé agbọ̀n kan wá fún òun lẹ́yìn ìkórè. Ó tán. Àwọn òyìnbó gbọ́, wọ́n ní, háà, ó ti di ẹrú baálẹ̀ nìyẹn. Ẹrú tó ní ilé, tó ní ìbọn, tó ní agbo ẹlẹ́dẹ̀, tó ń bá olówó rẹ̀ jiyàn lójú gbogbo ìlú! Irú ẹrú bẹ́ẹ̀ wu èmi náà í ṣe.

Nígbà tí Affa fi máa dàgbà, èdè mẹ́ta ló wà lẹ́nu rẹ̀: ti Seminole, èyí tí àwa èèyàn dúdú ń sọ nínú ilé, àti òyìnbó gidi tí ìjọba ń fi imú sọ. Kò pẹ́ tí kò fi sí ìpàdé tí wọ́n lè ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Kì í bu iyọ̀ sí i, kì í bu omi sí i. Bí o bá ṣe sọ ọ́ ló máa ṣe bọ́ sí etí ẹni tí o sọ ọ́ sí.

Ọ̀gá kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba nígbà kan, ó ní, "Sọ fún arúgbó yìí pé ọ̀lẹ ni." Ògbufọ̀ mìíràn ì bá ní ọ̀gá ń kí yín, ara wọn le bí? Affa kàn kọjú sí baálẹ̀, ó ní, "Ó ní kí n sọ fún arúgbó yìí pé ọ̀lẹ ni."

Baálẹ̀ mu sofki, ògì àgbàdo kíkan wọn, tán nínú ìgbákọ, ó nu ẹnu, ó ní, "Sọ fún un pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ń rùn látìgbà tó ti wọlé, a kàn ń bọ̀wọ̀ fún un ni."

Affa kọjú sí ọ̀gá, ó sì sọ ọ́ fún un, títí dórí ẹsẹ̀ tó ń rùn. Ìpàdé tú. Wọ́n bá a wí, wọ́n ní kí ló dé tí kò fi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ ni? Ẹ lọ bá ẹni tó sọ ọ́ jà." Ogójì ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ náà báyìí, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ọ̀kan kúrò. Ó sì ń fọ́nnu ẹ̀. Ẹ bá a ní ibi ìsìnkú, ẹ bá a létí odò, á sọ fún yín pé ẹnu òun mọ́.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Kọ́jò. Kọ́jò fẹ́ Hepsi, ọmọ Seminole, ti ìdílé Afẹ́fẹ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìdílé ìyá lọmọ ń bọ́ sí. Ìyá tó bá ti jẹ́ Afẹ́fẹ́, Afẹ́fẹ́ lọmọ ẹ̀, bàbá ì báà wá láti inú òṣùpá. Ọmọbìnrin méjì ni Hepsi bí kí ibà tó pa á. Lọ́dún kejì ni ẹṣin gbé Kọ́jò ṣubú, òun náà ò dìde mọ́. Nokos, ẹ̀gbọ́n Hepsi lọ́kùnrin, ló sọ fún Affa pé, "Ilé àwọn ọmọ nìyí, ilẹ̀ ìyá wọn ni. Ẹni tó bá ń se oúnjẹ fún wọn, ibẹ̀ ló ń gbé." Affa bá kó ẹrù rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ibojì Hepsi níbi tí odò ti yí, ó ń se oúnjẹ.

Lusina lẹ̀gbọ́n. Ìyá rẹ̀ ló jọ: awọ ara pupa, irun gígùn tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Molsi làbúrò, ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ́dún tí mò ń wí yìí. Ti Molsi, ṣe ni Ọlọ́run kàn mú Affa, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Awọ dúdú kan náà, imú kan náà, ẹsẹ̀ gígùn kan náà, orí kunkun kan náà.

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Ìwé méjì ni akọ̀wé gbé wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gé ilẹ̀ wa wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí kálukú gba tirẹ̀, bí ẹni pé a bẹ̀ wọ́n. Ìwé kìíní, ti àwọn Seminole, ó ń béèrè orúkọ ìyá ẹni àti ìdílé ìyá, ilẹ̀ tí wọ́n bá sì kọ síbẹ̀, ìjọba tì í pa, kò sẹ́ni tó lè rà á. Ìwé kejì, ti àwa dúdú, kò ní àyè fún ìdílé ìyá. Níbi tó yẹ kí ìyẹn wà, ìbéèrè tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni: ta ló ni ọ́ tẹ́lẹ̀? Ilẹ̀ inú ìwé yẹn ò sì ní àgádágodo. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ilẹ̀ ti gbé àga sábẹ́ igi ọ́ókù níwájú àgọ́, wọ́n ní ọtí, wọ́n ní ìwé àdéhùn, wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ìwé kejì jáde.

Báwo ni akọ̀wé ṣe wá ń mọ ẹni tó yẹ nínú ìwé wo? Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ó máa ń wò ọ́. Ó tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Affa fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn tó ń rí bó ṣe ń wo èèyàn, ẹ̀rù Molsi sì ń bà á lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá kọ ọmọ náà sínú ìwé kejì, a jẹ́ pé Hepsi ò bí i nìyẹn, ìpín rẹ̀ nínú ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ sùn sí yóò sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn abẹ́ igi. Ó wá gbẹ́kẹ̀ lé àṣà. Láàárín wa, èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń bá èèyàn pè é. Akọ̀wé tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ròyìn fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé orí wa kú débi pé a ò mọ orúkọ wa. Affa rò ó pé bí Nokos tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá bá bá àwọn ọmọ méjèèjì dúró, tó pe orúkọ wọn, tó pe ìyá wọn, tó pe ìdílé, kí ni akọ̀wé máa rí sọ?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ń lọ lójú ọ̀nà, Lusina ru ìkòkò sofki, nítorí a kì í lọ sílé àlejò lọ́wọ́ òfo, kódà àlejò tí a ò ránṣẹ́ pè.

Affa ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ panu mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá yín ló máa sọ̀rọ̀."

Molsi ní, "Ìyá àgbà, tó bá wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

"Ṣebí o lójú? Máa wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó."

"Èmi? Kí n máa wo èèyàn, kí n má sọ nǹkan kan?"

Lusina bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò bá kúkú ní kó fò, Ìyá àgbà. Ìyẹn rọrùn fún un jù."

"Tìẹ náà máa kàn ọ́," ni Molsi ń wí, "onírun-bí-ìrù-ẹṣin."

Nokos, tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó ń wú ikọ́, kò dá sí i. Ikọ́ ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà ogun, ó ti di ọmọ ilé.

Wọ́n dénú àgọ́. Ó tó ọgbọ̀n èèyàn tó ti tò síbẹ̀. Lusina bu sofki fún akọ̀wé. Ó fi kan ètè, ó tu ú sílẹ̀ lójú gbogbo wa, ó ní ó ti kan. Kíkan ni wọ́n ṣe ń mu ún, ṣùgbọ́n ta ló béèrè lọ́wọ́ wa?

"Ó yá, Àǹtí," ni akọ̀wé wí. Àǹtí ló ń pe Affa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń ti ẹnu rẹ̀ jẹun, kò béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lusina ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Nokos ní, "Lusina nìyí. Hepsi àbúrò mi ló bí i. Ìdílé Afẹ́fẹ́." Affa sọ ọ́ lóyìnbó. Akọ̀wé wo irun ọmọ náà, ó fa ìwé kìíní, ó kọ ọ́. Kò pẹ́ rárá.

Ó kan Molsi. Ibẹ̀ gan-an ni ikọ́ ti mú Nokos. Kì í ṣe ikọ́ kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wú u lọ. Akọ̀wé fi ìka lu tábìlì. "Orúkọ?" Molsi dákẹ́, ó gbójú sókè, ó ń wo aṣọ àgọ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. "Orúkọ! Àbí odi lèyí?"

Odi kẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn gún Affa. Ẹnu tó ti ń pe orúkọ gbogbo ìlú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kàn là fúnra rẹ̀. Ó ní, "Molsi ni." Kó wá dúró níbẹ̀ náà ni, ó tì. Ẹ̀mí ìgbéraga gbé e, ó fi kún un, láìsí ẹni tó béèrè: "Ọmọ ọmọ mi ni."

Yéè, Affa! Ogójì ọdún tí kò fi ọ̀rọ̀ kan kún ti ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tó máa fi kún un, ọjọ́ yìí ló rí.

Akọ̀wé wo Affa. Ó wo Molsi. Ojú kan náà ló ń rí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ìwé kìíní sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa ìwé kejì, ó kọ Molsi. "Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?"

Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ìjọba yìí kan náà ti fòpin sí níní ẹrú o.

"Kò sẹ́ni tó ni ín," ni Affa wí. "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ kọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sí. Ìyá kan ló bí wọn."

"Àǹtí, mo lójú."

Nokos ti rí èémí. Ó pariwo ní èdè rẹ̀ pé, "Afẹ́fẹ́ lọmọ yẹn! Inú kan náà ni wọ́n ti jáde! Èmi ni mo sin ìyá wọn, kí ló ń dà á láàmú?" Affa sọ ọ́ bó ṣe rí, títí dórí kí ló ń dà á láàmú.

Akọ̀wé fẹ̀yìn ti àga. Ebi ọ̀sán ti ń pa á. "Ẹ wò ó," ó ní, "ẹ̀yin èèyàn yìí, gbogbo arúgbó lẹ ń pè ní ìyá àgbà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ tó pè ọ́ ní ìyá àgbà níwájú mi lé ní igba. Èwo lèyí? Tó bá jẹ́ ti ẹnu lásán, màá gba ọ̀rọ̀ bàbá yìí, màá gbé ọmọ náà lọ sínú ìwé kìíní. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ibi tó wà yìí náà ló máa wà. Gbé ọwọ́ lé Bíbélì, kí o sọ ọ́ kíá."

Affa wo ìta. Ọ̀kan nínú àwọn abẹ́ igi ti dìde, ó ti ń gbọn fìlà rẹ̀ nù, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí Molsi. Affa rántí ìyá rẹ̀ nínú irà, pẹ̀lú oyún, pẹ̀lú ajá lẹ́yìn, kí ẹnì kan má baà kọ ọmọ inú rẹ̀ sábẹ́ orúkọ olówó. Ọmọ inú náà ló dúró síbí yìí lónìí, tí wọ́n ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já okùn ẹbí náà. Inú bí i, ó sì dùn ún dé egungun. Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì.

"Ẹnu lásán ni," ó ní. "Mi ò jẹ́ nǹkan kan sí i. Ògbufọ̀ ni mí."

Akọ̀wé fa ìlà pa ohun tó kọ, ó kọ Molsi sábẹ́ Lusina nínú ìwé kìíní: ìyá, Hepsi, ìdílé, Afẹ́fẹ́. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí íǹkì kó tètè gbẹ. Ọkùnrin abẹ́ igi padà lọ jókòó. Gbogbo ohun tí Affa fẹ́ ló ti rí gbà, àmọ́ kò lè wo ojú Molsi, nítorí ọmọ náà gbọ́ òyìnbó dáadáa, ó sì gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ó ku ìwọ náà, Àǹtí," ni akọ̀wé wí, ó tún fa ìwé kejì. "Ká kúkú parí ẹ̀ kí n lọ jẹun. Orúkọ?"

Affa dákẹ́. Kí ni ì bá ṣe? Òun ló bá gbogbo wa pè é. Ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà, arúgbó tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò sì lè la ẹnu náà fún ara rẹ̀.

Kí Nokos tó sún mọ́ tábìlì, Molsi ti bọ́ síwájú. Èdè Seminole ló fi sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ó sì gbóhùn sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́.

"Affa lorúkọ ẹ̀! Ìyá tó bí bàbá mi ni. Òun ló wẹ̀ mí, òun ló bọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló wà lára mi, afọ́jú gan-an máa rí i. Ọmọ Hepsi ni mí, ọmọ Affa ni mí, kò sí èyí tí mo máa fi sílẹ̀ nínú méjèèjì. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

Ikọ́ Nokos gan-an dúró. Akọ̀wé gbójú sókè.

"Kí ló ń sọ?"

Ọgbọ̀n èèyàn yíjú sí Affa lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó mọ̀ jù wá lọ pé obìnrin yìí kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

"Ó ní Affa lorúkọ ògbufọ̀."

"Gbogbo ariwo yẹn?"

"Èdè wọn máa ń gùn," ni Affa wí.

Molsi la ẹnu láti sọ ọ́ lóyìnbó. Affa fi gìgísẹ̀ tẹ ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ẹnu Molsi pa dé, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀, bóyá ti ẹsẹ̀ ni, bóyá kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ, ìjọba nìkan ni kò gbọ́.

"Affa," ni akọ̀wé ń wí bó ṣe ń kọ ọ́. "Ta ló ni ọ́ tẹ́lẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ni mí. Ìyá mi gbé mi sínú sá ni."

"A kì í fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo." Ó sì kọ nǹkan síbẹ̀. Affa ò mọ̀wé kà. Ọdún kejì la tó mọ̀ pé orúkọ baálẹ̀ onísofki yẹn ló kọ, ẹni ire, tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Òkú ò lè bá akọ̀wé jiyàn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé títí dòní. Molsi àti Affa, àjèjì ni wọ́n síra wọn. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ìwé ò ní kí wọ́n kíra wọn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tó wá là wá lójú.

Wọ́n ń padà lọ sílé. Lusina àti Nokos ti lọ síwájú. Molsi ń tiro, kò sì bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí odò ti yí.

Ó ní, "Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀."

"Kí n tiẹ̀ gé e. Olórí kunkun. Mo ní kí o panu mọ́, ìwọ ń kéde."

"Ẹ parọ́ nípa mi lórí Bíbélì, ẹ tún yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹ̀yin! Ogójì ọdún!"

Affa rìn díẹ̀, ó dúró, ó fi etí ìborùn nu ojú. Ó ní, "Kí lo sọ nínú àgọ́ yẹn?"

"Ẹ ṣáà gbọ́ ọ."

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Sọ ọ́ fún mi."

Molsi wò ó. Ó wá sọ ọ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó sọ ti ẹ̀jẹ̀, ó sọ ti Hepsi, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ọ̀kan kúrò.

"Tún un sọ," ni Affa wí.

Molsi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì tún un sọ.